Asẹ́ Epo Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń kó kòkó jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ka fífọ ife asẹ́ epo sí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Omi wúwo ju epo dísù lọ. Ìsàlẹ̀ ife náà ni ó ń rì sí pẹ̀lú ìdọ̀tí inú táǹkì. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, yóò dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì a sì kú lójú òkè, tẹrù-tènìyàn. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró ti ẹni tí ń tú u. Kí wọ́n kọ́kọ́ nu ẹ̀yìn ife náà tónítóní, kí wọ́n sì fi dísù tí ó mọ́ ṣan inú rẹ̀. Fọ́nrán àkísà lè dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Bí wọn kò bá sì lé afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn èyí, wọn yóò máa ta á títí bátìrì yóò fi kú.