Ẹ Má Ra Pẹ́ńgúìnì fún Wa Mọ́

Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń lo Linux, ẹ ti mọ ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń rà fún un: kọ́ọ̀pù tíì tí wọ́n kọ ẹ̀fẹ̀ sí lára, sítíkà fún ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, tàbí ọmọláńgidi Tux, pẹ́ńgúìnì tí Larry Ewing yà ní 1996. Ó ń pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, a ti fi ẹ̀rín bo gbèsè mọ́lẹ̀.

Òyìnbó ní ìṣòro kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni wọ́n fi ń pe ohun tá ò sanwó fún àti ohun tó wà lómìnira. Ìdí nìyẹn tí Richard Stallman, tó kéde GNU ní 1983, fi ní láti máa ṣàlàyé pé òmìnira lòun ń wí, kì í ṣe bíà ọ̀fẹ́. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Síbẹ̀, àwa tá a ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀fẹ́ nìkan la gbọ́. Láti Bódìjà dé Challenge, Linux, Python àti Git la fi ń ṣe iṣẹ́ tá à ń jẹ. Kí la wá dá padà? Sítíkà!

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kàn mí? Ṣebí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà ló yẹ kó sanwó." Wọ́n ń lò ó lóòótọ́, ṣé wọ́n sanwó? Nígbà tí àṣìṣe Heartbleed jáde nínú OpenSSL ní 2014, kóòdù tó ń ṣọ́ àṣírí àìmọye ìkànnì lágbàáyé, ìgbà yẹn la gbọ́ pé nǹkan bí $2,000 lowó ìtọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún. Ẹni tó bá ń dúró de olówó, á pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀bùn gidi wà. Láti 2005 títí di 2011, Canonical ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, níbikíbi láyé. Ẹ̀bùn tó wúlò nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣàwàdà dandan, ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kan fún ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ kóòdù l'Ágbowó, kẹ́ ẹ wá lẹ pẹ́ńgúìnì mọ́ ọn lára. Á rẹ́rìn-ín, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ náà á sì ṣiṣẹ́. Ẹ ra dátà fún un. Ẹ fi owó kékeré ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́. Tí kò bá sówó, ẹ bá wọn túmọ̀ ojú ìwé kan sí Yorùbá, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá ṣèyẹn tán, ẹ gbé pẹ́ńgúìnì yín wá. A máa gbà á.