Ẹṣin Kò Lẹ́nu Láti Rojọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ní London ní 2012, Charlotte Dujardin gun ẹṣin tí ń jẹ́ Valegro, ó sì gba wúrà nínú dressage, ìdíje tí ẹṣin ti ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń jó. Ní 2024, fídíò kan jáde níbi tó ti ń fi pàṣán na ẹṣin mìíràn lẹ́sẹ̀ léraléra nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dá a dúró fún ọdún kan.

Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣètò eré ìje ẹṣin, ó sì kọ̀ fún wa láti na ẹran lójú. Ìdíje kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ìkà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún sùúrù ni ẹṣin fi ń mọ irú ijó yìí. Ẹ má ṣe fi pàṣán wá wúrà. Ẹṣin kò lẹ́nu láti rojọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun rí i.