Àáró ni Iṣẹ́ Ọ́fíìsì, Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àwá dé nìkan kò tó. Bí àwọn tí ó dé bá jẹ́ ogún, tí mẹ́ta péré nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́, kí ni àǹfààní àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni, ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé iṣẹ́ aládàáni.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn baba wa fi ń kó ara wọn jọ ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Èkíní ni àáró, èkejì ni ọ̀wẹ̀. Olóògbé Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìgbé ayé àwọn Yorùbá jáde ní 1970, mẹ́nu bà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a máa pe méjèèjì ní ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Bí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún ènìyàn, bóyá ilé ni ó fẹ́ mọ tàbí òrùlé ni ó fẹ́ bò, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́. Ọkọ ọmọ rẹ̀ yóò kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn wá. Wọn yóò gún iyán, wọn yóò gbé ẹmu kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé amọ̀ nígbà mẹ́wàá, tí ẹnì kejì sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì, a kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dín òkèlè ẹnikẹ́ni kù. Ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ni wọ́n bá wá. Kò sí ẹni tí ń kà á.

Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn díẹ̀, bí i márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ni wọn yóò fohùn ṣọ̀kan. Lónìí, wọ́n wà ní oko lágbájá. Lọ́la, wọ́n wà ní oko tàmẹ̀dò. Olúkúlùkù ni yóò mú poro tirẹ̀, gbogbo ojú ni yóò sì rí ẹni tí ó gbẹ́yìn. Gbèsè ni ọjọ́ tí wọ́n bá fi bá ọ ro oko, dandan sì ni kí o san án. Ẹni tí kò bá lè wá yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀, tàbí kí ó dá ọjọ́ mìíràn tí yóò fi san án. Àáró kò bèèrè pé kí a fẹ́ràn ara wa. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí olúkúlùkù mọ ibi tí poro tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.

Èrò tèmi ni pé àáró ni ìwé tí wọ́n fi gbà wá síṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ni a ń fi ẹsẹ̀ wa rìn lọ síbẹ̀. Kódà, ọ̀wẹ̀ tí kò ní ìfẹ́ nínú ni. Oúnjẹ ìparí oṣù nìkan ni ó kù níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ ọ́ láìtijú pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ṣe é.

Ẹ wo olùkọ́ kan tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, tí ó wá bèèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Akọ̀wé àkọ́kọ́ ní fáìlì rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹnì kejì ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹnì kẹta kò sí ní ìjókòó. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà nínú yàrá náà, kò sì sí ẹnì kan tí fáìlì náà jẹ́ tirẹ̀. Bí baba náà bá kú kí owó tó dé, ta ni a ó mú? Bí a bá ní gbogbo wọn ni, a ti sọ pé kò sí ẹnì kankan nìyẹn. Ẹyọ ẹnì kan tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láàrin wọn, òun ni a ó máa di ẹrù gbogbo lé lórí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, tí òun náà yóò sì kọ́ ìwà àwọn yòókù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní 1913, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Max Ringelmann, kọ nípa bí ó ti wọn agbára àwọn tí wọ́n ń fa nǹkan. Ó rí i pé bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni ipa ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dín kù; nígbà tí wọ́n di mẹ́jọ, ipa tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń sà kò ju bí ìdajì èyí tí ì bá sà ní òun nìkan. Ní 1979, Bibb Latané àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì hó. Wọ́n rí i pé ariwo ẹnìkọ̀ọ̀kan a máa relẹ̀ láàrin èrò. Nígbà tí ó di 1981, àwọn kan náà fi hàn pé bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá mọ̀ pé a lè dá ohùn òun mọ̀ yàtọ̀, ìmẹ́lẹ́ náà a pòórá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá àáró rí, ṣé ẹ̀kọ́ tuntun ni èyí jẹ́ fún yín?

Ẹ̀rí kan sì wà nítòsí wa. Nínú ọ́fíìsì kan náà tí fáìlì ti ń sùn, àwọn òṣìṣẹ́ ń dá èésú, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣé ẹ ti rí i kí ẹ̀wù tí a fi kọ́ àga bá ènìyàn kó èésú? Akápò kì í sọ owó nù, nítorí pé orúkọ wà nínú ìwé, iye wà níwájú orúkọ, gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí ó kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, ẹni tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1975. Ó ní àwùjọ méjì ni a ní láti ìgbà ìjọba amúnisìn: ti ìbátan àti ìlú wa, tí a kì í fẹ́ kí ojú tì wá níbẹ̀, àti ti ìjọba, tí a kà sí ohun tí kò ní olówó. Nítorí náà, ẹni tí a ń pè ní ọ̀lẹ ní ọ́fíìsì lè jẹ́ akíkanjú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà lójú ọ̀nà. Ibi tí a ti ń kà á àti ibi tí a kì í ti kà á ni ó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó; ó yẹ kí a mọ ipò olúkúlùkù pẹ̀lú. Ẹ wo àwọn onílù dùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń ki ọba àti ìjòyè, ẹni tí ń lù ú sì ni a kọ́kọ́ ń ná owó fún. Gúdúgúdú kéré, ọrùn ni a ń fi í kọ́, awọ tín-ín-rín méjì ni a fi ń lù ú, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Síbẹ̀, bí gúdúgúdú bá ṣìnà, ẹsẹ̀ oníjó yóò daru. Nítorí pé gúdúgúdú àti àwọn omele dúró lójú kan ni ìyáàlù fi rí àyè rin ìrìn ẹ̀yẹ. Bí gbogbo wọn bá fẹ́ jẹ́ ìyáàlù, ariwo ni a ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tí kò ka máṣínjà sí kò mọ̀ pé lọ́wọ́ máṣínjà ni àṣẹ òun wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan yóò sọ pé owó oṣù kò tó, àti pé nígbà mìíràn kì í dé lásìkò. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ bò ó. Ẹni tí a bá ro oko rẹ̀ tí kò wá sí oko ẹni, òun ni ó fọ́ àáró. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá jẹ òṣìṣẹ́ lówó kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá olùkọ́ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn kọ́ ló jẹ wá lówó. Kí a má ṣe gba gbèsè ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí ọ̀gá pín iṣẹ́ bí a ti ń pín poro, kí ó kọ orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan sí i, kí òun náà sì mú ọkọ́ tirẹ̀. Kí ẹgbẹ́ má pọ̀ ju èyí tí ojú lè ká. Bí ẹnì kan bá ń fà sẹ́yìn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ pè é ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n bèèrè ohun tí ó ṣe é, nítorí pé àìsàn àti ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá wá jẹ́ ti ọ̀bùn tí ó ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́ ni, kí a sọ ọ́ ní gbangba. Kí a sì yìn ẹni tí ó parí poro tirẹ̀, kí a má fi poro ẹlòmíràn san án lẹ́san.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ bá fún ènìyàn márùn-ún ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, tí ẹnì kan ṣe é, tí márààrún sì kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.