Ọwọ́ Ta Ni Ohùn Àwọn Àgbà Wà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti ọkàn mi. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá kì í ṣe ìwádìí nínú ìwé nìkan. À ń lọ bá ọdẹ tí ó mọ ìjálá í sun, à ń lọ bá ìyá àgbà tí ó lè sun ẹkún ìyàwó, a sì ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ibo ni à ń kó ohùn náà sí lẹ́yìn èyí? Ọ̀pọ̀ wa ń fi í sínú fóònù kan ṣoṣo tí olè lè yọ lápò ẹni. Àwọn tí ojú wọ́n là ń kó o sí Google Drive.

Èmi kò fara mọ́ èyí pátápátá. Lóòótọ́, Google ń fún ni ní gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń tilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n sì ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún 2 rẹ́. Bí bàbá ọdẹ bá ní òun kò fẹ́ kí ọfọ̀ kan jáde síta, ta ni ó bá ṣe àdéhùn? Èmi ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ òkè òkun.

Syncthing, tí Jakob Borg kọ́kọ́ gbé jáde ní 2013, ni mo fara mọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ẹni ni ó ń bá ara wọn pín fáìlì, láìfi ẹ̀dà kankan pamọ́ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Àfi bí a bá fi èkíní han èkejì ni wọ́n tó lè pàdé. Bí méjèèjì bá wà lórí Wi-Fi kan náà, kò sí ọ̀rọ̀ dátà (èyí tí ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú jù!).

Kò ṣàìní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lákòókò kan náà. Àwọn tí ó ṣe é dáwọ́ ti Android dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Syncthing-Fork, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ni a lè lò dípò rẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni pé fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù yóò pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà, àfi bí ẹ bá ti ní kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ ṣètò èyí kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni.

Mo sì ń rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí ohùn tí àwọn àgbà bá yọ̀ǹda fún wa láti pín lè máa ti fóònù wa wọ ibẹ̀.