Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Onímọ̀ Ọpọlọ Ìbàdàn

Láti àdúgbò Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn níhìn-ín, a kí àwọn onímọ̀ ọpọlọ Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn rẹ̀, UCH: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Inú agboolé bíi tiwa lẹ ti wá ìmọ̀ yín, ìmọ̀ náà sì ti wúlò fún wa.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tó dolóògbé ní 1995, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkan n'Ìbàdàn. Àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ àwọn tí iyè wọn ti ń ra. Yorùbá ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò kàwé, wọ́n tún bi ará ilé wọn léèrè bóyá àgbà náà ṣì ń ṣe nǹkan bó ti yẹ. Irú ìwádìí kan náà ń lọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Èsì jáde ní 2001: ìwọ̀n tí àìsàn iyè rírà fi ń mú àgbà lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ náà kò sinmi. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi ènìyàn 2,118 tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná, sìgá mímu àti àìṣe eré ìdárayá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí a tìtorí ẹ̀ yìn yín jù nìyí: ẹ gba aládùúgbò lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ìyá arúgbó tó ń sọ kántankàntan kì í ṣe àjẹ́, aláìsàn ni. Ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kì í ṣe pé ayé ta á lọ́fà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá Ìdíkan tó ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ̀yin ará Ọ̀rányàn, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnká, ẹ jẹ́ ká fi ìwà dúpẹ́: ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jẹ ẹ̀fọ́. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí apá rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.