Ta ló ká àjàrà inú ṣáńpéènì yín?

Ní ilé fàájì Èkó, tí wọ́n bá ti gbé ṣáńpéènì jáde báyìí, gbogbo ojú á yí síbẹ̀. Àmọ́ ta ló ká àjàrà inú rẹ̀?

Ní agbègbè Champagne nílẹ̀ Faransé, ọwọ́ ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kórè àjàrà. Òfin ò gba ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 100,000 ni wọ́n ń lò lọ́dọọdún, agbaṣẹ́ṣe ló sì ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà ìkórè 2023, wọ́n bá òṣìṣẹ́ tó lé ní 50, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú ilé ẹlẹ́gbin. Ní oṣù Keje 2025, ilé-ẹjọ́ dá ènìyàn 3 lẹ́bi pé wọ́n fi ènìyàn ṣòwò.

Ìdájọ́ yẹn dáa, àmọ́ kò tíì tó. Tèmi ni pé kí òfin mú àgbẹ̀ tó ni oko náà. “Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n, èmi kọ́” kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta ìgò kan yẹ kó mọ ibi tí ẹni tó bá a kórè sùn mọ́jú.