Aago Tí Ń Ṣọ́ Ara, Ta Ni Ń Ṣọ́ Òun Náà?

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó ń fi aago ọwọ́ tí ń ka lílù ọkàn ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akànrán. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ apá ránṣẹ́, èyí tí ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pàápàá ti ń bi wá ní dísípẹ́ńsárì bóyá àwọn lè ra ogún tàbí ọgbọ̀n aago fún àwọn àgbàlagbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú àwọn aago náà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ikùn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ètò kan wà tí ó ń darí wọn bí ọpọlọ ti ń darí ara. Láti ìgbà dé ìgbà ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ máa ń tún ètò náà kọ, tí í sì í fi ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́. Èyí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní update. Kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, àwọn aago Apple kan tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n ní Amẹ́ríkà gba update, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán bí iná ti ń rìn nínú ọkàn, ohun tí wọn kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń wí fún mi pé: “Nọ́ọ̀sì, ohun tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.” N kò fara mọ́ èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àlèébù wà nínú ètò ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ Abbott ń tà, èyí tí a ń fi sí abẹ́ awọ àyà kí ó lè máa ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù. Oníṣẹ́ ibi lè gba ibẹ̀ yí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà padà. Nǹkan bí 465,000 ni ó wà lára àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà nìkan. Bí a bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe, ilẹ̀kùn ni a fi sílẹ̀ gbayawu lóru. Ẹ sì wo bí wọ́n ti ṣe é: wọn kò fi update náà ránṣẹ́ sí ilé ẹnikẹ́ni. Aláìsàn ní láti lọ bá dókítà, iṣẹ́ náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, olùtọ́jú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe é fúnra rẹ̀. Èyí náà kò tó. Ní ọdún 2024, ètò orí fóònù iPhone tí ilé iṣẹ́ Tandem ṣe fún ẹ̀rọ tí ń fún alátọ̀gbẹ ní insulin gba update. Ẹ̀dà náà, 2.7, ń kú, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣí léraléra, títí tí bátìrì ẹ̀rọ insulin fi ń tètè gbẹ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún náà, ìròyìn ìpalára 224 ti wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kú.

Nítorí náà, àìṣe update léwu, ìwàǹwára sì léwu. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2023, INEC sún ìdìbò gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18, kí wọ́n lè ráyè tún àwọn ẹ̀rọ BVAS tò. Ẹ̀rọ púpọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òru ọjọ́ kan.

Ní dísípẹ́ńsárì, a kì í gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láìkọ nọ́ńbà ara ìgò àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni a ń wo fíríìjì bóyá ó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Báyìí náà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe sí aago.

Èkíní, ẹ yan ẹnì kan tí ó mọ̀wé, kí ẹ máa fún un ní owó dátà àti owó ọkọ̀. Èkejì, kí ó ní ìwé tí ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni aago, irú aago, nọ́ńbà ẹ̀dà ètò inú rẹ̀, àti ọjọ́ update sí. Ẹ̀kẹta, bí update bá dé, kí ó fi aago méjì tàbí mẹ́ta dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ó máa mú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀kẹrin, kí bátìrì kún dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iná wa kò ṣeé gbójú lé. Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn update, kí a fi ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá ní dísípẹ́ńsárì yẹ iye tí aago ń sọ wò. Samsung fúnra wọn ní kí a máa fi irú ẹ̀rọ apá bẹ́ẹ̀ tún aago wọn tí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ní ọjọ́ 28, ọjọ́ 28.

Ẹ má ra aago tí ẹni tí ó ṣe é ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ní aago Pebble rí i: ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ó sì di òpin oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n pa ìrànlọ́wọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé. Ẹ sì sá fún aago tàbí òrùka tí wọ́n ní ó ń wo ṣúgà láìgún ara rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí update tí ó lè sọ irọ́ di òótọ́.

Aago mẹ́wàá tí ó ní olùtọ́jú sàn ju ọgbọ̀n tí kò ní lọ. Àgbàlagbà tí aago bá wí fún pé ara rẹ̀ yá lè jókòó sílé nígbà tí ó yẹ kí ó wá bá wa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ tó dá owó aago, ẹ kọ́kọ́ dá owó ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí àyà ń já yín, ẹ má wo aago mọ́, dísípẹ́ńsárì ni kí ẹ wá.